Bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀, lẹ́yìn tí àpá ti dá sínú ọpọlọ rẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé wa.

"Nọ́ọ̀sì, kí la máa lò tí àpá yẹn á fi yọ́?" Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì ń lọ sílé àwọn tí ọ̀kadà gbé ṣubú, láti Kàbà dé Ìyàrá, dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, títí wọ Ìsánlú, ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Dókítà á ti gbé fíìmù orí síwájú iná, á fi ìka tọ́ ibi kan, á ní àpá ló wà níbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ilé ò ní ọ̀tá mìíràn ju àpá lọ. Wọ́n á ra àgbo tó ń fọ àpá. Wọ́n á ra abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan hù. Wọ́n á sanwó fún ẹni tó lóun á fi òróró wọ́ orí náà títí àpá á fi rọ̀. Owó á tán, àárẹ̀ á mú ìyá, ọwọ́ tó rọ á sì wà lórí ìrọ̀rí láìsí ẹni tó ń fún un níṣẹ́ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kò pọ̀. Àpá inú ọpọlọ kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fọ̀. Kò tíì sí oògùn, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tó ń yọ́ ọ lọ́pọlọ èèyàn kí iṣan lè hù gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tó kù lọ́pọlọ, ibi tí kò fara pa, ni ìlera ti ń padà wá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló sì ń pè é jáde. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé owó yín àti agbára yín lọ. Màá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àpá náà, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yé, ẹlẹ́tàn kì í rí i mú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Tí orí bá gbá títì, ọpọlọ á gbá egungun agbárí láti inú. Sẹ́ẹ̀lì á kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn okùn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn á fà tàbí kí wọ́n já. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń ṣọ́ ọpọlọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní microglia, á ti dé ojú ọgbẹ́. Sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹ̀jẹ̀ á wá bá wọn, wọ́n á jọ máa jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí bí ìràwọ̀, tí orúkọ wọn ń jẹ́ astrocyte, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Wọ́n á na apá, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á yí ojú ọgbẹ́ náà po. Bó bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ààlà ti wà láàárín ibi tó ti kú àti ibi tó ṣì yè. Ààlà yìí ni à ń pè ní àpá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìyàgbà á tètè rí ohun tí mò ń wí. Tí a bá gé iṣu sí ẹ̀bù, a máa ń fi eérú kun ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ojú yẹn á le, jíjẹrà ò ní ráyè wọlé. Kò sí àgbẹ̀ tó ń retí kí èéhù gba ojú ibi tí ọ̀bẹ gé yọ. Ara èèpo ló ti ń yọ. Kò sì sí àgbẹ̀ tó máa fi ọ̀bẹ ha ojú gbígbẹ náà kúrò nítorí pé ó fẹ́ kí iṣu hù, torí ó mọ̀ pé gbogbo ẹ̀bù náà ló máa jẹrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpá ọpọlọ rí: ó ń dáàbò bo ibi tó kù, kò sì ní jẹ́ kí nǹkan hù gba ojú òun kọjá.

Àwọn onímọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà ó pẹ́. Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1906, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1928 pé iṣan ọpọlọ àgbàlagbà tó bá ti já kì í hù mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé okùn iṣan náà ni kò lágbára. Àfi ìgbà tó di ọdún 1981, tí Albert Aguayo àti Samuel David ní Montreal, ní Kánádà, gé iṣan láti ẹsẹ̀ eku, tí wọ́n sì fi í so ìsàlẹ̀ ọpọlọ eku náà mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn iṣan tó wá láti inú ọpọlọ hù gba inú iṣan ẹsẹ̀ yẹn lọ, ó gùn tó nǹkan bíi 30 mílímítà. Bó ṣe fẹ́ padà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn báyìí, ó dúró. Ìgbà yẹn ló hàn pé okùn náà lágbára, ibi tó wà ni kò gbà fún un.

Kí ló ń dá a dúró? Ohun púpọ̀ ni. Àpá náà ń tú èròjà kan jáde, purotéènì tí ṣúgà gùn mọ́ lára, tó ń lé orí okùn iṣan padà. Ọ̀rá tó wé mọ́ okùn iṣan inú ọpọlọ náà ní tirẹ̀ nínú. Ara rẹ̀ ni Martin Schwab àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Zürich ti rí èròjà tí wọ́n sọ ní Nogo, tó ń dá okùn iṣan dúró. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ ní London fi èròjà kan tí wọ́n rí lára bakitéríà gé ṣúgà inú àpá eku tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa. Okùn iṣan rẹ̀ hù díẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì dára sí i. Irú ìròyìn báyìí ni àwọn kan ń gbọ́ tí wọ́n fi ń ta oògùn fún yín. Eku ni o. Ọ̀pá ẹ̀yìn sì ni.

Apá kejì ìtàn náà ni wọn kì í sọ fún yín. Lọ́dún 2004, Michael Sofroniew àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Los Angeles pa àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ yẹn nínú eku kí àpá má bàa dá. Ọgbẹ́ náà tàn kálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó kú pọ̀ sí i, eku náà sì burú ju èyí tó ní àpá lọ. Nígbà tí àwọn náà tún dán an wò, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé yíyọ àpá kúrò kò jẹ́ kí okùn iṣan hù rárá. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá dúró lọ́jà Kàbà tó ní omi inú ìgò òun ń fọ àpá ọpọlọ, ẹ bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé ohun tí òun ń fọ̀ kọ́ ló ń gba ọmọ yín là.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á ní àdá ṣá ẹ̀gbọ́n àwọn lọ́rùn ọwọ́ lóko, ìka rẹ̀ kú, wọ́n rán an, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìka náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan lára. Òótọ́ ni. Iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń hù padà, nǹkan bíi mílímítà kan lójúmọ́, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ kíákíá, wọ́n á sì tò fún un láti gba àárín wọn kọjá. Inú ọpọlọ kò ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan retí èkejì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ọwọ́ dókítà ni ọ̀sẹ̀ yìí wà. Tiyín ni kẹ́ ẹ má ṣe fi kún ìpalára. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí orí náà, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má rọ nǹkan sí i nímú tàbí sí i létí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlẹ́gbògi tàbí oníkẹ́míìsì fún un ní abẹ́rẹ́ dexamethasone "kí ọpọlọ má bàa wú." Wọ́n ti wádìí oògùn kan tó jẹ́ ọmọ ìyá dexamethasone lára 10,008 èèyàn tí orí wọn fara pa, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2004. Nínú àwọn tó gbà á, 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú àwọn tí kò gbà á, 17.9 ni. Oògùn tí wọ́n rò pé ó ń gbani là ló ń pa kún un. Abẹ́rẹ́ B-complex kò léwu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú iṣan ọpọlọ hù, ẹ má jẹ́ kó jẹ owó tẹ́ ẹ máa fi san físíò, oníṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ ara tó rọ níṣẹ́.

Tí wọ́n bá ti dá a padà sílé, ẹ ṣọ́ ọ. Tí orí fífọ́ bá ń le sí i, tó bá ń bì léraléra, tí oorun rẹ̀ bá wúwo débi pé ẹ pè é kò dáhùn dáadáa, tí omi mímọ́ bá ń jáde nímú tàbí létí rẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, èyí tó bá yá yín jù.

Bí a ṣe ń fún ọpọlọ níṣẹ́

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Tí okùn iṣan kò bá lè gba inú àpá kọjá, báwo ni ọwọ́ ṣe ń padà? Lákọ̀ọ́kọ́, wíwú ọpọlọ á fà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dákú tí kò kú á tún jí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rí àyípadà kíákíá ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn okùn iṣan tí kò já á yọ ẹ̀ka kúkurú sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn, apá mìíràn lọ́pọlọ á sì máa kọ́ iṣẹ́ tí ibi tó kú ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1996, Randolph Nudo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ohun kan jáde tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ba ibi kékeré jẹ́ lára apá ọpọlọ ọ̀bọ tó ń darí ọwọ́. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìkọ́ tún pàdánù nínú ibi tó kù yẹn, ibi tí kò fara pa. Àwọn tí wọ́n ń jẹ́ kó fi ọwọ́ tó rọ mú oúnjẹ nínú ihò kékeré lójoojúmọ́ kò pàdánù rẹ̀. Nínú àwọn kan, ibi tó ń darí ọwọ́ tún fẹ̀ sí i, ó wọ ilẹ̀ ìgúnpá àti èjìká.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa. Ọwọ́ tí a gbé sórí ìrọ̀rí tí a ń bẹ̀ pé kó sinmi, ìsinmi náà ń jẹ ọpọlọ lẹ́yìn ìgbà tí ìjàǹbá ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé kan ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nìyẹn, nítòsí Ìyàrá, apá òsì ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ká mọ́ra bíi pé ó di nǹkan mú. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dé, ìyá ń fi ìka tirẹ̀ fa ìka ọmọ láti orí, ó ń fà á kó lè là, ọmọ ń pariwo. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á láti orí ìka." Ohun tí a ń ṣe nìyí: ẹ gbé apá náà sórí tábìlì tàbí sórí itan yín, kí ìgúnpá rí ibi sinmi. Ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ara rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìka á dẹ̀ fúnra wọn. Ẹ wá di ìdí àtàǹpàkò mú, kì í ṣe orí rẹ̀, ẹ ṣí i síta díẹ̀díẹ̀, ìka yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹ dì í bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó mí, kí ẹ tó rọra gbé ọrùn ọwọ́ náà padà sókè pẹ̀lú ìka tó ti là.

Ọwọ́ ti là, ó wá ku iṣẹ́. A gbé atẹ kan síwájú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń mú ni hóró kajú gbígbẹ tí wọn ò tíì fọ́, torí pé ó tóbi, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́. (Ẹ má jẹ́ kó fọ́ ọ o, oje inú èèpo rẹ̀ ń jó ara.) Á mú un láti inú abọ́ ọ̀tún, á jù ú sínú abọ́ òsì. Nígbà tí ìyẹn rọrùn fún un, a sún abọ́ kejì jìnnà kí ìgúnpá lè nà. Lẹ́yìn ìyẹn a bọ́ sórí ẹ̀pà tó wà nínú èèpo, ká tó wá sórí ẹ̀wà. Ẹ̀gúsí ló kẹ́yìn, torí bíbó ẹ̀gúsí gba kí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀lá pàdé kí wọ́n sì tẹ nǹkan pẹlẹbẹ láìfọ́ ọ. Ohun tó ṣòro jù fún ìyá náà kì í ṣe owó. Kó máa wo ọmọ rẹ̀ kó máa ṣìnà ni, hóró á bọ́, á tún bọ́, ọwọ́ ìyá á sì ti fẹ́ bá a mú un. Mo ní kí ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ itan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin tí mo ń tẹ̀ lé nìyí. Iṣẹ́ gidi ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe kó kàn máa ju ọwọ́ sókè sódò, torí pé bíbó ẹ̀gúsí ló ń kọ́ni ní ẹ̀gúsí bíbó. Kí ó ṣòro díẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ: tó bá mú mẹ́wàá tí ẹyọ kan kò bọ́, iṣẹ́ náà ti rọrùn jù, tí mẹ́jọ bá bọ́, ẹ padà sórí èyí tó tóbi. Ìgbà púpọ̀ ni, kì í ṣe pípẹ́: ogún ìṣẹ́jú, kó sinmi, kó tún padà. Mímú nǹkan nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ kì í ṣe àṣejù fún ẹni tí ara rẹ̀ ti le. Tí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, ó tó fún ọjọ́ yẹn. Kí ó sì sùn lóru dáadáa, torí inú oorun ni ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tó kọ́. Tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo títí di ọ̀gànjọ́ kò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ aláìsàn yín ti lè là díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ bi físíò yín nípa dídi ọwọ́ tó dára. Edward Taub ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí: wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ nínípọn bo ọwọ́ tó dára, kí èyí tó rọ má bàa rí ẹni fa iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Lọ́dún 2006, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí 222 èèyàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ṣáájú fi hàn pé ọ̀sẹ̀ méjì irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ mú kí ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, ó sì ṣì hàn lára wọn lẹ́yìn ọdún kan. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n fi wádìí, kì í ṣe ìjàǹbá, ṣùgbọ́n àwọn físíò ń lò ó fún tiwa náà. Nílé, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn tó nà dé ọrùn ọwọ́ tó. Ẹ yọ ọ́ tó bá fẹ́ rìn, tó bá fẹ́ di ọ̀pá mú, tàbí tó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò là rárá, ẹ má dì í, ẹ kàn ń fìyà jẹ ẹ́ ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ: ẹni tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lẹ́nu lè kọ orin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lè ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó lè dáhùn "Ọ̀kun" tẹ́ ẹ bá kí i, nígbà tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ má bínú pé ó ń díbọ́n. Ohun tó ti mọ́ ẹnu láti kékeré kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí à ń ṣẹ̀ṣẹ̀ to. Ibi tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orin náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dákẹ́ níbi ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ìlà kí òun fi kún un. Ẹ bá a sọ èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, Owé, Ìyàgbà tàbí Ìjùmú, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ yí i ká. Gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró kó dáhùn. Ẹ máa dúró pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tó bá ń bínú lójijì, tó ń sunkún láìnídìí, tó ń gbàgbé pé òun ti jẹun, ibi tó fara pa nínú ọpọlọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni lábúlé ló ń ṣe é. Kí ọjọ́ rẹ̀ ní ètò kan náà, kí èrò dín kù nínú yàrá.

Wárápá tí àpá ń fà

Àpá tó ń dáàbò bo ọpọlọ náà lè di ibi tí ìwárìrì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí rẹ̀ a máa ta gìrì lódì, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kódà lẹ́yìn ọdún, nígbà tí gbogbo ilé ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Oògùn tí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń dín wárápá ọ̀sẹ̀ yẹn kù, kò lè dá èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ẹ tètè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbéni ṣánlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìka kan ṣoṣo ló ń jó, tàbí kó tẹjú mọ́ ibì kan kó máa jẹnu.

Tó bá ṣubú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ sì wo aago. Ẹ má ti síbí bọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù: ó ń rọ èémí, ó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀ lé e kó tó jí, ilé ìwòsàn ló kàn.

Tí dókítà bá fún un ní oògùn wárápá, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá tàbí pé owó tán. Ẹ sọ fún dókítà pé owó tán, àwọn oògùn kan wà tí kò wọ́n. Kó má mu ògógóró, kó má mu bùrùkùtù, ẹmu náà kó fi sílẹ̀. Kó má gun ọ̀pẹ, kó má gun ọ̀kadà, kó má dá lọ sódò, kó má dá dáná igi, títí dókítà á fi sọ pé ó tó.

Ìyókù ara

Díẹ̀ lèyí. Ẹ má fa èjìká ọwọ́ tó rọ tẹ́ ẹ bá ń gbé e dìde, abẹ́ ìgbáròkó ni kẹ́ ẹ ti gbé e. Ẹni tí kò lè yí ara padà, wákàtí méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa yí i. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán kó tó jẹun, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí omi ń há lọ́fun, tó ń húkọ́ nígbàkígbà tó bá mu ún, ẹ fún un ní ẹ̀kọ tó ki, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, torí omi náà lè máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ó máa pẹ́ tó?

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìyípadà máa ń yá jù. Àwọn kan á wá sọ fún yín pé ohun tí kò bá padà láàárín oṣù mẹ́fà kò ní padà mọ́. Mi ò gbà, mo sì ti rí ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀. Ó ń rọra lọ nígbà náà ni, kì í dúró. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló ń padà. Tí ibi tó kú bá fẹ̀, àwọn nǹkan kan ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wa nígbà náà ni pé kí ó mọ bí á ṣe fi ọwọ́ kan wẹ̀, bí á ṣe fi ọwọ́ kan wọṣọ, bí á ṣe padà sáàárín ẹgbẹ́. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí ẹni tó ní òun á fi sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú ọpọlọ ọmọ yín ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbì kan. Owó ilẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ tà á, ẹ fi sanwó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ físíò.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tó ṣe sínú rẹ̀, iye tó mú tí kò bọ́, wákàtí tó fi sùn, àti ọjọ́ tí wárápá bá mú un. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìpàdé pẹ̀lú dókítà, ẹ mú ìwé náà dání, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, ti ìbílẹ̀ náà pẹ̀lú, ẹ má fi pamọ́. Ẹ mú fíìmù orí náà, ẹ má ká a. Tí físíò bá sì fi eré ìdárayá tuntun hàn yín, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe é lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò padà sílé.